Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ṣé Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ Iye Ọjọ́ Tó Kù fún Ẹni Tó Ní Jẹjẹrẹ Àpòlúkù?

  

 Ìbéèrè kan ni ó bí ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí. Nígbà tí a parí ìpàdé wa, arábìnrin kan dúró dè mí l'ẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún bàbá rẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ wà nínú àpòlúkù rẹ̀, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí bí a bá gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti kà á níbì kan pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n fi ń wọn ohun tí à ń pè ní tẹ́lómíà. Wọ́n ní bí ó bá kúrú, aláìsàn kì í pẹ́ l'áyé, bí ó bá sì gùn, ìrètí ń bẹ. Ẹ̀gbọ́n yìí fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n ṣe é fún Bàbá. Àbúrò wọn tí ó wà ní ilé kéwú yarí kanlẹ̀. Ó ní kò sí ìyàtọ̀ láàrin èyí àti kí ènìyàn lọ bá ẹni tí ń tẹ yanrìn, pé Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ ọjọ́ ikú. Ọ̀rọ̀ di ariwo nínú ilé, Bàbá sì dùbúlẹ̀ nínú yàrá, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Arábìnrin yìí wá bi mí pé, "Ààfáà, ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?"

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi l'áyè kí n lọ kàwé, kí n sì bi àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí, n'ítorí mo mọ̀ pé ilé yẹn nìkan kọ́ ni irú ọ̀rọ̀ yìí yóò dé.

ÌDÍ OKÙN TẸ̀SÙBÁÀ

Ẹni tí yóò dá ẹjọ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Ara ọmọ ènìyàn jẹ́ àkójọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Ẹlẹ́dàá fi àkọsílẹ̀ kan sí tí à ń pè ní DNA. Òun ni ó ń darí bí ara ṣe ń dàgbà àti bí ó ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe. Okùn 46 ni a pín in sí, krómósómù ni orúkọ wọn: bàbá fún wa ní 23, ìyá fún wa ní 23. Ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan parí sí, lókè àti nísàlẹ̀, ni tẹ́lómíà wà.

Ẹ mú tẹ̀sùbáà yín, kí ẹ wo ibi tí okùn rẹ̀ parí sí. Kókó kan wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fi kókó yẹn ka nǹkan, kò sí lára ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá tú ni ìlẹ̀kẹ̀ 99 yóò dà sábẹ́ ẹní. Iṣẹ́ tí kókó ń ṣe fún tẹ̀sùbáà ni tẹ́lómíà ń ṣe fún krómósómù. Kì í jẹ́ kí ìdí okùn tú, kì í sì í jẹ́ kí okùn kan lọ lẹ̀ mọ́ òmíràn. Lẹ́tà mẹ́fà kan náà, TTAGGG, ni a tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, ní ìgbà tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan nígbà tí a bí ènìyàn.

Bí okùn tẹ̀sùbáà bá gbó tí a fẹ́ tún un sín, a ó gé ẹnu okùn tí ó ti tú díẹ̀ dànù kí a tó ta kókó tuntun. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, kò ṣe nǹkan. Bí a bá ń ṣe é lọ títí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí okùn kò ní tó ta ní kókó mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ara. Ìgbàkígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ ṣe àdàkọ DNA rẹ̀, àdàkọ yìí kì í sì í dé ìdí okùn tán. Díẹ̀ á máa ṣẹ́ kù tí a kò kọ. Nínú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, ohun tí ń dín kù tó nǹkan bí lẹ́tà 20 sí 50 lọ́dún, nínú bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí a bá wá sí ayé. Nígbà tí ó bá kúrú jù, sẹ́ẹ̀lì náà á dẹ́kun pípín, tàbí kí ó kú.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n mọ èyí. Ní ọdún 1961, Leonard Hayflick àti Paul Moorhead ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí a ń tọ́ nínú ìgò kì í pín títí láé. Bí ó bá ti pín tó nǹkan bí ìgbà 50, á dúró. Kí ni ó ń bá a kà á? Ní 1971, Alexei Olovnikov, ará Rọ́ṣíà, dá a lábàá pé ìdí DNA ni kò ṣeé dà kọ tán. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Moscow ni ó ní èrò náà ti sọ sí òun lọ́kàn. Ní 1978, Elizabeth Blackburn àti Joseph Gall ka àwọn lẹ́tà tí ó wà ní ìdí okùn yìí nínú ẹ̀dá tíntín kan tí ń gbé inú omi adágún. Nígbà tí ó di ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1984, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí Blackburn ń kọ́ ní California, Carol Greider, ọmọ ọdún 23, lọ wo àbájáde iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò, ó sì rí ààmì èròjà kan tí ń so lẹ́tà tuntun mọ́ ìdí okùn tí ó ti kúrú. Telomerase ni wọ́n pè é. Àwọn obìnrin méjèèjì yìí àti Jack Szostak ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Ẹ̀yin arábìnrin tí wọ́n ń sọ fún pé sáyẹ́ǹsì kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, ẹ gbọ́.

Telomerase yìí ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ń di ọmọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú àwọn tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara tí ó kù, pípa ni a pa á bí ìgbà tí a pa iná. Jẹjẹrẹ ni ó máa ń jí i tàn. Nínú jẹjẹrẹ 100, nǹkan bí 85 sí 90 ni ó ti tan telomerase padà, ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fi ń pín láìdúró, bí ẹni tí ń jí okùn olókùn so mọ́ tirẹ̀. N'ítorí náà, ẹni tí ó bá ń ta oògùn "tí ń mú tẹ́lómíà gùn" fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé sẹ́ẹ̀lì wo ni yóò mú ti rẹ̀ gùn.

KÍ NI Ó KAN ÀPÒLÚKÙ?

Ní ọdún 2022, ní gbogbo ayé, àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ àpòlúkù l'ára wọn sún mọ́ 970,000, àwọn tí ó sì pa tó nǹkan bí 660,000. Ìlà oòrùn Éṣíà ni ó ti pọ̀ jù: Japan, Korea, China, Mongolia. Kòkòrò àìfojúrí kan ni ó wà ní ìdí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, Helicobacter pylori. Barry Marshall àti Robin Warren ni wọ́n tú u fó ní ìlú Perth ní Ọsirélíà ní 1982. Nígbà yẹn, ohun tí gbogbo dókítà gbà ni pé ìrònú àti ata ni ó ń fa ọgbẹ́ inú. Nígbà tí wọn kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall bu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu ní 1984, inú rẹ̀ sì dàrú láàrin ọjọ́ mélòó kan. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dán irú èyí wò o.) Ní 1994, àjọ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ kòkòrò yìí sílẹ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ní 2005, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel.

Ibi tí tẹ́lómíà ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé nìyí. Bí kòkòrò náà bá ń gbé inú àpòlúkù fún ọdún gbọọrọ, ara inú rẹ̀ á máa wú, á máa bó, á sì máa tún ara rẹ̀ hù. Gbogbo híhù tuntun ni pípín sẹ́ẹ̀lì, gbogbo pípín ni gígé ìdí okùn. Bí ìdí okùn bá tán nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kò tíì dúró, krómósómù á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n á máa já sí ibi tí kò yẹ. Nínú irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti ń rí àyè. Iyọ̀ àpọ̀jù àti sìgá ń dá kún un.

BÁWO NI Ẹ̀JẸ̀ ṢE WÁ BỌ́ SÍ I?

Ẹ ó ní, bí ó bá jẹ́ àpòlúkù ni ó ń ṣàìsàn, kí ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ apá? Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ ogun ara. Bí wọ́n bá rí ọ̀tá, pípín ni wọ́n ń pín kí wọ́n lè pọ̀. Ọmọ ogun tí ìdí okùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kò lè pọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, tẹ́lómíà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń fi díẹ̀ hàn nínú ohun tí a jogún l'ọ́dọ̀ òbí àti ìyà tí ara ti jẹ sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ sì rọrùn láti gbà, kò dà bí kí a gé ẹran inú ènìyàn.

Láti 2002 ni Richard Cawthon ti ní Utah ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi lè wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, nípa ẹ̀rọ tí ń sọ DNA kékeré di púpọ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé iye ọdún kọ́ ni ohun tí ẹ̀rọ yìí ń mú jáde. Ìfiwéra ni: báwo ni tẹ́lómíà ẹni yìí ṣe pọ̀ tó sí apá DNA mìíràn tí kì í yí padà.

Ní 2009, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Warsaw, olú-ìlú Poland, láàrin nǹkan bí 300 tí ó ní jẹjẹrẹ àpòlúkù àti nǹkan bí 400 tí kò ní. Àwọn tí tẹ́lómíà ẹ̀jẹ̀ wọn kúrú jù ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà l'ára àwọn aláìsàn, ní bí ìlọ́po méjì àwọn tí tiwọn gùn. Ìyẹn ń sọ nípa ẹni tí àrùn lè mú. Èyí tí ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ nípa rẹ̀ ni irú ti 2015, láti China. Wọ́n wọn tẹ́lómíà ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ àpòlúkù tí wọ́n ju 600 lọ, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ wọn lẹ́yìn ìtọ́jú. Nínú àwọn tí tiwọn kúrú, àrùn tètè padà, ikú sì pọ̀ ju nínú àwọn tí tiwọn gùn. Wọ́n tún rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí tiwọn kúrú pé àwọn èròjà tí ń dá ọmọ ogun ara dúró pọ̀ síi.

Iṣẹ́ gidi ni. N kò ní kí ẹ fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀. Ó lè ran àwọn dókítà l'ọ́wọ́ l'ọ́jọ́ iwájú láti mọ ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò léraléra. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí irú àbájáde yìí lè sọ àti èyí tí kò lè sọ.

ÀÀMÌ NI, KÌ Í ṢE ÌDÁJỌ́

Bí òjò bá ṣú, ìyá tí ó sá èlùbọ́ á yára kó o wọlé. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní aríran. Ó rí ààmì, ó ṣe ohun tí ó yẹ. Nígbà mìíràn òjò náà á ṣú títí, atẹ́gùn á gbé e lọ, èlùbọ́ á sì wà nínú ilé lásán. Nígbà mìíràn òjò á rọ̀ ní òdìkejì òpópónà, tiwa á gbẹ. Ẹni tí ó bá ní "bí ó bá ṣú báyìí, ó sábà máa ń rọ̀" sọ òtítọ́. Ẹni tí ó bá ní "òjò yóò rọ̀ sórí òrùlé lágbájá ní aago mẹ́rin" ti kọjá ohun tí ó mọ̀.

Ti tẹ́lómíà kò yàtọ̀. Ọ̀wọ́ ni ìwádìí ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, ó pín wọn sí àwọn tí tiwọn gùn àti àwọn tí tiwọn kúrú, ó sì rí i pé ọ̀wọ́ kan pẹ́ ju èkejì lọ. Nínú ọ̀wọ́ tí tiwọn kúrú, a rí ẹni tí ó ń rìn kiri lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ọ̀wọ́ tí tiwọn gùn, a rí ẹni tí kò pé ọdún kan. Ọ̀wọ́ wo ni Bàbá bọ́ sí, ẹ̀rọ lè sọ ọ́. Ibi tí Bàbá wà nínú ọ̀wọ́ náà, kò sí ẹ̀rọ tí ó mọ̀ ọ́n.

Ohun mìíràn tún wà tí ó kàn wá gan-an gẹ́gẹ́ bí ènìyàn dúdú. Gígùn àti kúkúrú kì í ṣe ohun kan náà níbi gbogbo. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2008 fi hàn pé tẹ́lómíà ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ gùn ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ ní ìṣirò àpapọ̀. Ti obìnrin máa ń gùn ju ti ọkùnrin. Ti ọ̀dọ́ gùn ju ti àgbà. Ilé àyẹ̀wò kan sì lè rí iye tí ó yàtọ̀ sí ti èkejì lórí ẹ̀jẹ̀ kan náà. Bí a bá wá fi ọ̀pá tí wọ́n gé fún àwọn ará China wọn bàbá kan ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ni a ti wọ̀n?

A kò tíì sọ ti èwo ni ó ṣáájú èkejì. Àwọn aláìsàn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ṣàìsàn kí wọ́n tó gbà á. Ṣé kíkúrú ni ó jẹ́ kí àrùn le, àbí àrùn tí ó le ni ó lo ọmọ ogun ara títí okùn wọn fi kúrú? Ìwádìí mìíràn láti China, ní 2015 kan náà, rí i pé àti àwọn tí tiwọn kúrú jù àti àwọn tí tiwọn gùn jù ni ewu jẹjẹrẹ àpòlúkù pọ̀ fún ju àwọn tí wọ́n wà láàrin. Ní 2017, àkójọ ìwádìí ńlá kan fi hàn pé àwọn tí wọ́n jogún tẹ́lómíà gígùn ni oríṣi jẹjẹrẹ mélòó kan tilẹ̀ ń mú jù. N'ítorí náà, "gígùn dára, kúkúrú burú" kò tó ọ̀rọ̀ yìí í sọ.

Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, àyẹ̀wò tẹ́lómíà kò sí l'ára ohun tí àwọn dókítà fi ń pinnu ìtọ́jú jẹjẹrẹ àpòlúkù. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé: báwo ni jẹjẹrẹ ṣe wọlé tó nínú ògiri àpòlúkù? Ṣé ó ti dé àwọn kókó inú ara tí ń dènà àrùn? Ṣé ó ti fò lọ sí ẹ̀dọ̀ tàbí ibòmíràn? Ìpele ni wọ́n ń pe èyí, òun sì ni ó ń sọ púpọ̀ jù. Ní Japan, níbi tí wọ́n ti ń yẹ inú àwọn ènìyàn wò kí àìsàn tó hàn, àwọn tí wọ́n bá rí tiwọn ní ìpele kìíní, ó ju 90 lọ nínú 100 wọn tí wọ́n ń bẹ láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Bí ó bá ti fò lọ sí ibòmíràn, díẹ̀ ni ó ń rí ọdún márùn-ún yẹn.

ṢÉ YANRÌN TÍTẸ̀ NI?

Mo wá dé ọ̀dọ̀ àbúrò wọn tí ó wà ní ilé kéwú, n'ítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ẹ̀rín lé lọ. Ìparí súrà Luqman kọ́ wa pé ẹ̀mí kan kò mọ ilẹ̀ tí yóò kú sí. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì kìlọ̀ gan-an nípa lílọ bá aláfọ̀ṣẹ, débi pé a kò ní gba ìrun ẹni tí ó bá lọ bi í léèrè fún ogójì òru. Gbogbo wa sì mọ̀ pé láàrin wa níhìn-ín, àwọn kan ń wé láwàní tí wọ́n sì ń tẹ yanrìn fún ènìyàn. Ọmọ náà ní ìdí láti bínú.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìtàn kan tí ó wà nínú àkójọ Bukhari àti Muslim. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ sí Usama ọmọ Zayd n'ítorí pé ó dúdú, bàbá rẹ̀ sì pupa. Ní ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì sùn, wọ́n fi aṣọ bo orí, ẹsẹ̀ wọn nìkan ni ó yọ síta. Mujazziz, ọkùnrin Banu Mudlij kan tí ó mọ ààmì ẹsẹ̀ í kà, kọjá, ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó ní ara kan náà ni àwọn ẹsẹ̀ yìí ti jáde. Inú Ànábì dùn débi pé ojú rẹ̀ ń dán nígbà tí ó wọlé tọ Aisha. Kò pè é ní aláfọ̀ṣẹ. Ohun tí Mujazziz wò wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́ ọ lè wò ó. Ẹni tí ń tẹ yanrìn kò wo nǹkan kan tí ó kan ọ̀rọ̀ rẹ. Ó ní òun mọ ohun tó pamọ́.

Ojú tí mo fi wò ó nìyí, àwọn àgbà ààfáà lè tún mi ṣe: wíwọn tẹ́lómíà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, n'ítorí ohun tí Ọlọ́hun dá sínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tí ó bá wá gba owó l'ọ́wọ́ ènìyàn láti sọ ọjọ́ ikú rẹ̀ fún un láti inú rẹ̀ ti bọ́ sí ìdí yanrìn, ìbáà wọ aṣọ funfun dókítà.

Ọ̀rọ̀ kádàrá ni ó kù. Umar ọmọ Khattab ń lọ sí Síríà, ó dé Sargh, wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú. Ó pinnu láti padà. Abu Ubayda bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun ni. Umar gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, pé inú kádàrá Ọlọ́hun ni òun ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Umar rí ààmì, ó lò ó láti yan ọ̀nà. Kò lò ó láti ka ọjọ́ tí ó kù fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò wa ṣe déédéé nípa ọjọ́ ikú, ṣùgbọ́n bí ó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn dá Bàbá dúró láti gba ìtọ́jú, Umar kò sí l'ẹ́yìn rẹ̀.

OHUN TÍ MO SỌ FÚN ARÁBÌNRIN NÁÀ

Nígbà tí mo padà rí i, mo bi í pé kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ fi àbájáde náà ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé ẹ̀gbọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun tètè wálé, àbí kí òun dúró di ìgbà ìsinmi òun l'ọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní kí ó sọ fún un pé kí ó fi owó àyẹ̀wò yẹn kún owó ọkọ̀ òfurufú, kí ó máa bọ̀. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n fi san ti àyẹ̀wò tí yóò sọ ìpele tí àrùn wà, kí wọ́n sì bi dókítà bóyá iṣẹ́ abẹ ṣeé ṣe. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò létí Bàbá, kí wọ́n gbé e jáde kúrò nínú yàrá. Bàbá ló ni ara rẹ̀, òun sì ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi ohun tí ó fẹ́.

Mo tún sọ èyí tí kò bèèrè fún un. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní jẹjẹrẹ àpòlúkù, ewu tirẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹlòmíràn. N'ítorí náà, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ni kí wọ́n lọ wo bóyá kòkòrò Helicobacter pylori wà nínú wọn. Kòkòrò yìí pọ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà, àmọ́ jẹjẹrẹ àpòlúkù tí a ń rí kò pọ̀ tó bí ó ṣe yẹ. Ní 1992, C. Holcombe, tí ó ti ṣe ìwádìí ní agbègbè Maiduguri, pe èyí ní àdììtú Áfíríkà. Àwọn kan ní ohun tí ó fà á ni pé a kì í yẹ inú wò tó, tí àrùn fi ń bá ènìyàn wọ sàréè láìlórúkọ. Èmi rò pé ó yẹ kí ìyẹn dẹ́rù bà wá. Mélòó nínú wa ni ó ń ra oògùn "ulcer" l'ọ́wọ́ ẹlẹ́gbòogi láti ọdún dé ọdún, tí kò sí dókítà tí ó wo inú rẹ̀ rí? Ẹni tí ó bá ń rù láìnídìí, tí oúnjẹ díẹ̀ ń yó, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tí ó ń bì ẹ̀jẹ̀, kí ó má dúró di ẹ̀yìn Rámàdáánì kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu ni wọn yóò kì bọ̀ ọ́ l'ọ́nà ọ̀fun, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ti kòkòrò náà rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, èémí tàbí ìgbẹ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ ti dáwọ́ oògùn apakòkòrò dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó sì ti dáwọ́ irú omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kòkòrò lè sápamọ́. Kí ó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó dáwọ́ oògùn èyíkéyìí dúró. Bí wọ́n bá rí i, oògùn bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin papọ̀ ni wọ́n ń lò fún ọjọ́ 14, ó kéré jù ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan fò. Bí ó bá bọ́ sínú Rámàdáánì tí àkókò oògùn kò bá sààrì àti ìṣínu mu, aláìsàn ni ẹni náà, ó lè jẹ ààwẹ̀ kí ó sì san án padà lẹ́yìn rẹ̀. Arábìnrin wa ti ṣe ti ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.